Pọ́ǹpù Wa ní Half Die àti Òtítọ́ tí Kì í Tán

                                        Ṣọ́ọ̀bù Àjàgbé,
                                        Half Die,
                                        Banjul, Gáḿbíà.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹjọ, 2014.

Abíọ́dún, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò, ṣé ó ti fún ọ ní ìsinmi? Iṣu ọdún yìí ńkọ́, ṣé ó ta dáadáa? Ní tiwa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàṣírát ọmọ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kanifing ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ tí o rán sí mi dé ọ̀dọ̀ mi, pé àgbà kì í bá omi jà, kí n kó ẹrù mi kúrò ní Half Die. Àlàní àkọ́bí mi náà ti ń kọ orin yẹn láti ọdún mẹ́ta. Ó ní yàrá ń bẹ fún mi nílé òun ní Dippa Kunda. Lóṣù tó kọjá tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ba àpò ìrẹsì mọ́kànlá jẹ́, mo bá a ṣe àdéhùn níwájú Naffie aránṣọ, aládùúgbò mi: bí omi bá tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, n óò ti ilẹ̀kùn pa, n óò sì tẹ̀lé e. O mọ̀ mí, n kì í yẹ àdéhùn. N kò sì fẹ́ kúrò níbí.

Ìdí nìyẹn tí Bàṣírát fi gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan wá, tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó so ó mọ́ pọ́ǹpù àti agogo. Ó ní bí omi gọ́tà bá ti ga dé ibi tí òun sàmì sí, pọ́ǹpù yóò máa fà á síta, agogo yóò sì dún kí a lè gbé ẹrù sókè. Èdè tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ ń jẹ́ Páítọ̀n. Ó ní orúkọ erè ni, ejò ńlá inú igbó. Mo ní erè tó bá ti ká jọ kì í tètè lọ síbi kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. A bu omi sí gọ́tà láti dán an wò. Kọ̀ǹpútà ń wo omi, ó ń kọ bó ṣe ga tó, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù dákẹ́, agogo dákẹ́. Naffie sọ èdè Aku tí àwọn kan ń sọ ní Banjul níbí, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun náà mọ omi wò, kí n gba òun síṣẹ́.

Ọjọ́ méjì ni Bàṣírát fi ń pààrọ̀ wáyà. Mo ní kí ó fi wáyà sílẹ̀, kí ó ka ohun tó kọ fún mi ní Yorùbá.

Ó ní, "Kò lè yé yín, Bàbá."

Mo ní, "Ṣáà kà á."

Ó kà á pé: "Níwọ̀n ìgbà tí òtítọ́ bá jẹ́ òtítọ́, máa wo omi. Lẹ́yìn náà, tan pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà, lu agogo."

Mo ní, "Ìgbà wo ni òtítọ́ kò ní jẹ́ òtítọ́ mọ́?"

"Kò sí, Bàbá. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kí ó má baà dáwọ́ dúró."

"Ìgbà wo wá ni 'lẹ́yìn náà' fẹ́ dé?"

Ọmọ náà yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tún ohun tó kọ kà.

Abíọ́dún, ṣé o rántí bí bàbá mi ṣe ń rán wa níṣẹ́ lóko? "Lọ wo ẹyẹ lára àgbàdo, kí o padà wá jíṣẹ́." Kò sọ rí pé kí a lọ máa wò ó. Ẹni tó bá ń wo ẹyẹ títí, ta ni yóò bá a ju òkúta? Mo ní kí kọ̀ǹpútà wo omi lẹ́ẹ̀kan kí ó padà wá jíṣẹ́. Bí omi bá ga, kí ó tan pọ́ǹpù, kí ó padà. Kí ó lu agogo, kí ó padà. Kí ó sinmi díẹ̀, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí yíyípo yẹn ká gbogbo iṣẹ́ náà, kí ó má há sínú ọ̀kan.

Bàṣírát jiyàn pé òun lè fi olùṣọ́ ọ̀tọ̀, apá mìíràn nínú kọ̀ǹpútà náà, sídìí omi. Mo ní tèmi ni kí ó kọ́kọ́ ṣe. Ó tún un kọ, pọ́ǹpù sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agogo kò dákẹ́ mọ́! Omi tán ní gọ́tà, ó ṣì ń ké. Ó ti kọ ọ́ pé kí agogo máa dún níwọ̀n ìgbà tí omi bá ga, bẹ́ẹ̀ ẹni tó yẹ kó lọ wo omi ti há sídìí agogo. Àṣìṣe kan náà ló ṣí kúrò ní yàrá kan bọ́ sí èkejì. Mo ní, "Lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí o padà!" Ìgbà yẹn ló tó.

Lọ́jọ́bọ̀, òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrun Àsárì. Àlàní ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti kó mi lọ, ojú rẹ̀ ń dán. Agogo dún, a gbé ẹrù sókè, pọ́ǹpù sì ń fa omi síta. Àlàní tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, ó gbẹ táútáú. Nígbà tó jáde, omi ti wọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Èmi, Naffie àti Bàṣírát la bá a tì í. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ń mu tíì àtàyà, kò mẹ́nu ba Dippa Kunda.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo àwọn tó bá béèrè mi. Bàṣírát kí ọ o. Sọ fún ẹni tó bá ní omi ti lé mi pé kò tíì ṣẹlẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì ṣí kúrò,

Àjàgbé