Àlọ́ Tí Mo Pa fún Ìyá Ọkọ Mi

                                        Agbo Ilé Ọlánípẹ̀kun,
                                        Ìnísà, nípasẹ̀ Ìkìrun.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, 1959.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọlábímpé,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Òkukù? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò tíì fi ariwo di ọ́ létí? Ara tiwa le, ọpẹ́ ni. Ìwọ gan-an ni mo sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí.

O rántí pé sobìà mú ìyá ọkọ mi jókòó sílé nígbà ìkórè. Mo ní inú omi adágún oko ló ti wá, pé ká máa fi aṣọ sẹ́ ẹ. Wọ́n ní ara gbogbo èèyàn ni sobìà wà, àti pé kí ó tó degbò, ewé olúgànbe là á ké sí, kì í ṣe aṣọ. Bẹ́ẹ̀, omi yẹn náà ni Jọkẹ́ ọmọ mi ń mu bó bá tẹ̀lé wọn lọ sóko. Àyà mi ń já lójoojúmọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Nígbà tí o ní kí n fi àlọ́ sọ ọ́, mo bínú díẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má purọ́, ṣé Ìjàpá ni n ó wá fi ṣe ẹlẹ́rìí? Nítorí Jọkẹ́ ni mo ṣe gbà.

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀! Jọkẹ́ ni mò ń pa á fún, kí Ìyá lè máa gbọ́. Ni wọ́n bá ké mọ́ mi: “Ìyàwó, ta ní ń pàlọ́ lọ́sàn-án? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé yín nìyẹn?” Ojú tì mí. Àmọ́ bí oòrùn ṣe wọ̀ báyìí, àwọn fúnra wọn ló gbé àpótí jáde, wọ́n ní kí n wá parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ bí Ìjàpá ṣe kọ̀ láti sẹ́ omi, tí okùn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò tán, títí tí àwọn ẹranko yòókù fi okùn náà so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ìyá ń gbe orin, ohùn wọn ló ròkè jù.

Ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn nídìí àmù, wọ́n ń fi ìborùn funfun sẹ́ omi. Ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo hun àlọ́ náà fúnra mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Nígbà tó o ń bá mi jiyàn, èmi ni òmùgọ̀. Nígbà tó o pàlọ́, Ìjàpá ni.”

Ọlábímpé, o ṣeun, o ṣeun púpọ̀. Ọkàn mi ti balẹ̀. Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ìyá náà ní kí n kí ọ. Wọ́n ti ń pa àlọ́ náà kiri agbo ilé báyìí, wọ́n ní ẹnu ìyá tó bí àwọn ni àwọn ti gbọ́ ọ. Mi ò bá wọn jiyàn.

                                        Èmi ni tìrẹ tí ń dúpẹ́,
                                        Àrínọlá