Dísìkì Tí O Yọ Lọ

Ẹ̀gbẹ́ Mọ́tò Páàkì,
Ore, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejì, 1998.

Bándélé, àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, nítorí mi ò fẹ́ kí àìsàn kankan dí ọ lọ́wọ́ láti kà á délẹ̀. Ara tiwa le níbí. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n má fi ìbínú kọ̀wé. Mo ti ń dúró láti oṣù tó kọjá kí inú mi rọ̀. Kò rọ̀.

Nígbà tí o wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wa, o bá kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi níbi tó ti ń kígbe pé inú òun ti kún. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ àlòkù ni, kò gba púpọ̀. O ní, “Sístà mi, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.” O mú háàdì dísìkì tí o gbé bọ̀ láti Èkó jáde nínú báàgì rẹ, o tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, o so ó mọ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. O ní wàá kó ètò tí mo fi ń tẹ̀wé àti gbogbo iṣẹ́ tí mo ti tẹ̀ pamọ́ lọ sínú dísìkì kejì, kí àyè lè wà nínú ti àkọ́kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo pa adìyẹ. Àyè wà lóòótọ́. Kí ọbẹ̀ tó jinná, o ti fi géèmù eré mọ́tò dí i.

Ní àárọ̀ tí o ń padà lọ, èmi àti kẹ́ẹ̀gì mi wà lórí ìlà bẹntiróòlù. O tún ẹ̀yìn ẹ̀rọ tú, o yọ dísìkì rẹ, o wọ mọ́tò Èkó. O ò sọ fún Màmá. O ò kọ ọ̀rọ̀ kan sórí bébà fún mi.

Bándélé, ṣé o tiẹ̀ bi ara rẹ léèrè ohun tí o gbé lọ? Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ Omifunfun ni. Àwọn àlejò tí bàbá Gbádéyan fún ní igbó nígbà ayé rẹ̀ kí wọ́n fi gbin kòkó. Bàbá náà kú, Gbádéyan ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n kó káńgárá wọn kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Zubair, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, ń mú wọn wá sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti ń sọ ni mo ń tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Èṣùbíyìí ló dàgbà jù nínú wọn. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pààlà oko ẹ̀bá odò. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó wá. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń húkọ́, á ní, “Ọmọ mi, dúró kí n rántí orúkọ igi yẹn dáadáa.” Ó dárúkọ gbogbo igi tó wà lójú ààlà. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, Bàbá ti kú. Má sì bi mí pé kí ló dé tí n kò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ṣé o rí inki rà ní Èkó níbi tí ìlú le dé yìí? Àdéhùn èmi àti Zubair ni pé bí ìgbìmọ̀ bá ti dá ọjọ́, a ó wá inki, a ó tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n dá ọjọ́. Zubair wá pẹ̀lú Ìyá Ẹfúnróyè, opó Bàbá Èṣùbíyìí. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ ètò tí mò ń wí. Mo wá iṣẹ́ mi títí, òógùn bò mí. Géèmù rẹ nìkan ló dá mi lóhùn. Zubair wò mí, ó ní, “Àǹtí Lydia, ṣé Gbádéyan ti rí yín ni?” Bándélé, kí èmi gba rìbá! Ní Ore níbi tí wọ́n bí mi sí! Ìyá Ẹfúnróyè ò bú mi. Ó kàn ń wo inú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ, ibo ló wà?”

Mo sáré lọ sílé tẹlifóònù, mo pè ọ́. O rẹ́rìn-ín! O ní, “Ṣebí dísìkì mi ni. Mo kúkú sọ fún yín pé mo kó wọn.” O ní kí epo pọ̀ ná kí o tó wá. Gbọ́ o: kí ènìyàn kó ẹrù ẹlẹ́rù sínú àpótí ara rẹ̀ kò sọ ẹrù náà di tirẹ̀. Kíkó tí o kó o, o sọ fún mi. Gbígbé tí o gbé e lọ ńkọ́?

Mo yá tapúráítà lọ́wọ́ Akínwọlé olùkọ́ ìjọ, mo gbé e lé itan lórí ọ̀kadà, mo lọ sí Omifunfun. Ọ̀kadà dà wá sínú ẹrẹ̀. Àwọn kan kọ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Zubair ló wo aṣọ mi, tó ní, “Ẹni tó gbàbọ̀dè kì í fi irú ara báyìí padà wá.” Wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, mo tún un tẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n ní kí àwọn tó kù máa bá oko wọn lọ. Ṣùgbọ́n oko Bàbá Èṣùbíyìí ní ẹ̀bá odò, kò sí ẹni tó lè tọ́ka ààlà rẹ̀. Wọ́n gbé e fún Gbádéyan. Alága ní bí a bá rí ọ̀rọ̀ olóògbé kí oṣù kẹta tó parí, àwọn á tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Ìyá Ẹfúnróyè ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ago Alaye. Kòkó rẹ̀ ṣì wà lórí igi. Gbádéyan ló ń ká a.

Nítorí náà, má fi dísìkì yẹn rán awakọ̀. Má dúró de epo. Gbé e wá fúnra rẹ, pẹ̀lú ètò tí o yọ lára ẹ̀rọ mi, kí o sì dá wọn padà síbi tí o ti kó wọn.

Kí Olúwa pa ọ́ mọ́ lójú ọ̀nà. Kí ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ ní Èkó má sọ ọ́ di ẹni tí kì í wo ojú ènìyàn. Kí o rí ṣe o, Bándélé, nítorí mo ṣì fẹ́ràn rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Lydia.

Mo tún rántí: bí o bá ti nu ohun tó wà nínú dísìkì náà kúrò, má kọ̀wé sí mi. Wá. Èmi yóò mú ọ dé Ago Alaye, èmi yóò sì dúró síta. Ìwọ ni yóò wọlé lọ sọ fún Ìyá Ẹfúnróyè.