Púlọ́ọ̀tì Tí Kò Sí Lórí Ilẹ̀

Abà Àgbọ̀nrín,
Lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà.

Àsmá'ù ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ, ṣé omi ń yọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé kì í bá ọ jà nítorí ìgbálẹ̀? Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn burúkú rẹ, kí ó má sì jẹ́ kí o gbọ́ tiwa. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orúnkún Hàjàrá ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn. Òjò rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti ń yọ irun. Ewúrẹ́ funfun yẹn bí ìbejì, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ò gbà pé ìyá òun nìyẹn, ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ aládùúgbò ló ti ń mu ọmú, ibẹ̀ la sì ti ń gbé e wálé lójoojúmọ́.

Mo mọ̀ pé fóònù ni ayé ń lò báyìí, pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ka lẹ́tà sí mọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ìyá rẹ kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan kékeré kan mọ́lẹ̀ kí n tó máa sọ̀rọ̀, bí mo bá sì ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn, mo ní láti fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, àtàǹpàkò á yọ, ọ̀rọ̀ á sì gé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdajì ìkíni mi ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bébà ò ní kí n tẹ òun mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn Iléyá, a gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìrun àìlà, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ìyá rẹ gbé fóònù sórí àpótí, o bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. O kí mi, mo ń dá ọ lóhùn, o ò dúró kí n parí, o kàn ń bá tìrẹ lọ ni. Mo sọ fún ìyá rẹ pé Èkó ti kọ́ ọ ní ìkánjú. O ní o gbàyè níbi iṣẹ́, o lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ yín ní wọ́ọ̀lù bílídìǹgì, pé ayé tuntun kan ni ò ń kọ́. O ní púlọ́ọ̀tì ló yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n o ti rí púlọ́ọ̀tì tó dára báyìí. O ní fántásì ni. O ní dráfùtì àkọ́kọ́ ti parí, ó ku kárákítà, tí olùkọ́ yín ní kò tíì lágbára. O wá rẹ́rìn-ín, o ní vílèènì yẹn máa kú kí gbogbo rẹ̀ tó parí, o sì ní ó dàbọ̀.

Àsmá'ù, gbogbo Yorùbá inú ọ̀rọ̀ náà ló yé mi. Òyìnbó inú rẹ̀ ni mo túmọ̀ bí agbára mi ṣe mọ.

Mi ò lọ jìnnà nílé ìwé, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ púlọ́ọ̀tì ní Lágelú yìí? Láti Ìyànà Ọ̀fà títí dé ọ̀dọ̀ wa, ara ògiri ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, púlọ́ọ̀tì wà fún títà, ilé yìí kì í ṣe títà. Bílídìǹgì náà kò ṣòro. Ọmọ mi ra púlọ́ọ̀tì, ọmọ mi ń kọ́lé, ilé náà sì tóbi tó ayé. Ìyá rẹ ló túmọ̀ fántásì, ó ní ṣọ́ọ̀bù ni wàá ṣí síwájú ilé náà tí wàá máa ta Fáńtà. Dráfùtì kò dùn mọ́ mi, nítorí mo mọ ohun tí ayò dráfùtì sọ àwọn ọkùnrin ìkóríta wa dà, tí wọ́n ń ta á títí koríko fi ga ju ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Kárákítà ló wá dùn mí jù. Ta ni olùkọ́ yẹn tó ń sọ pé ìwà ọmọ mi kò lágbára? Ṣé òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ ni? Mo gbé ìyẹn mì, mo ní kí a kọ́kọ́ dúpẹ́ ilé. A pa àkùkọ, lẹ́mọ́ọ̀mù gbàdúrà sí ìpìlẹ̀, gbogbo abà sì ṣe àmín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Àkànbí, tí wọ́n fi jẹ mógàjí ilé wa, ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní inú àwọn dùn sí ilé rẹ. Wọ́n ní àwọn kan wá láti ìgboro tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé epo, ilẹ̀ ẹ̀bá odò ló sì wù wọ́n, ìyẹn ìpín tèmi nínú ogún bàbá wa, tí mo ti sọ lójú ẹbí pé ìwọ ni mo fún. Wọ́n ní ọmọ tó ti ní púlọ́ọ̀tì l'Ékòó, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ṣe? Kí n yọ̀ǹda rẹ̀, kí a fi owó rẹ̀ tún òrùlé ilé ńlá ṣe, nítorí ó ti ń jò sórí ibùsùn àwọn. Àsmá'ù, orí mi wú. Mo ní kò burú, ọmọ mi ti kúrò ní ẹni tí ń wá ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn onílé epo máa wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kí a lè fọwọ́ síwèé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwòrán ilẹ̀ rẹ tí o fi ránṣẹ́ dé sórí fóònù ìyá rẹ. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Àbáyọ̀mí, sàfíọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, kí ó bá mi kà á. Ó gba fóònù, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ó béèrè òpó ilẹ̀, kò rí òpó. Ó béèrè pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ni, ohun tó rí kà níbẹ̀ ni Ilẹ̀ Ọba Sàmúríà. Ó ní òkun ti gba ìdajì rẹ̀, òkè kan ń yọ iná nítòsí ibi tí ó yẹ kí ọ̀nà gbà, ẹja kan sì wà níbẹ̀ tó tóbi ju ìlú lọ. Ó dá fóònù padà fún mi. Ó wá ní, “Bàbá, mo ti rí ilẹ̀ àbàtà, mo ti rí ilẹ̀ ìjọba. Mi ò rí irú èyí rí. Wọ́n ti lu ọmọ yín ní jìbìtì.”

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. A pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e, ó ní wọ́n ti pa fóònù rẹ. Mo bẹ obìnrin náà kí ó bá wa wá ọ lọ, mo ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ohun tó kọ́kọ́ sọ náà ló tún ń sọ. Wọn ò kọ́ ọmọ yẹn nílé.

Tíṣà Mojí, obìnrin ìjọ Àpọ́sítélì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa, ló wá ra gàrí tó bá wa nínú ìbànújẹ́. Ó ní kí a jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn rẹ. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó di òpó ilé mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò lù ọ́ ní jìbìtì, ìwé ìtàn ni ò ń kọ. Ó ní púlọ́ọ̀tì tí o wí kì í ṣe ilẹ̀, bí ìtàn ṣe ń lọ ni, ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe fa èyí tó tẹ̀ lé e. Mo bi í pé ta ló tà á fún ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó tà á, o rò ó ni. Mo ní kò níwèé nìyẹn. Ó ní kò níwèé. Ó ní àwọn ènìyàn inú ìtàn ni kárákítà, kì í ṣe ìwà rẹ, dráfùtì sì ni kíkọ àkọ́kọ́ tí wàá tún kọ. Ó ní ayé tí kò sí níbì kankan ni ayé tí ò ń kọ́, ọwọ́ rẹ ni òfin ibẹ̀ wà, ìwọ ni wàá sọ ohun tí wọ́n ń jẹ, iye òṣùpá tó wà lójú ọ̀run wọn, àti ẹni tó lè fò. Mo ní ṣé bí ìtàn tí ìyá mi máa ń pa fún wa ni, tí ẹyẹ ń fọhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní ìyá mi ò gbàyè níbi iṣẹ́ kó tó pa á, kò sì ya máàpù.

Mo wá béèrè vílèènì, nítorí èmi ti rò pé ará vílééjì ni, mo sì ti ń wo ojú àwọn ará abà láti mọ ẹni tí o fẹ́ pa. Ó ní rárá, ẹni ibi inú ìtàn ni, ẹni tó ń fẹ́ gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àsmá'ù, nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀bá odò ló sọ sí mi lọ́kàn. Bí o ò bá ní púlọ́ọ̀tì l'Ékòó, a jẹ́ pé èyí tí mo ti yọ̀ǹda yẹn nìkan ni o ní láyé.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn onílé epo dé pẹ̀lú mọ́tò ńlá. Wọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi na bírò sí mi. Mi ò gba bírò, mo dìde. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, inú orí ọmọ mi ni púlọ́ọ̀tì tó ní wà. Kò sẹ́ni tó lè gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ti ẹ̀bá odò yìí ni ilẹ̀ rẹ̀, mi ò yọ̀ǹda rẹ̀ mọ́.” Ẹ̀gbọ́n bi mí pé báwo ni ènìyàn ṣe ń ní ilẹ̀ nínú orí. Mo ní kò yé èmi náà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn onílé epo wo ara wọn, wọ́n ní àwọn kì í ra ilẹ̀ tí ìjà wà lórí rẹ̀, wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, wọn á kí ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi, wọn á kí ẹni tó wà lápá òsì. Ó dùn mí, nítorí òrùlé yẹn ń jò lóòótọ́.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe yọ sí mi lánàá, tí wọ́n mú iṣu dání. Wọ́n jókòó, wọ́n béèrè ewúrẹ́, wọ́n béèrè orúnkún ìyá rẹ. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n wá sọ pé àwọn gbọ́ lẹ́nu tíṣà pé o máa ń fi ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ sínú ayé yẹn, wàá sì pa á. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ ọ́. Mo ní mo máa sọ fún ọ, mo sì ti sọ ọ́ báyìí. Tí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi wọ́n jẹ ọba kékeré kan níbẹ̀, kí o sì bá wọn kan òrùlé tuntun sí ààfin. Tí o bá rí nǹkan díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ sí ti ibí náà, á dára.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò tíì yé mi. Tí o bá sùn, ta ló ń bójú tó ibẹ̀? Ṣé wọ́n ń kírun? Lẹ́mọ́ọ̀mù bi mí pé kí ni ènìyàn ń fi ayé dídá ṣe. Mo ní Ọlọ́run ló dá Àsmá'ù, kí wọ́n bi Í léèrè.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí Àbáyọ̀mí lè ri òpó sí ilẹ̀ ẹ̀bá odò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórúkọ rẹ. Tó bá jẹ́ báǹkì lo fẹ́ gbà fi ránṣẹ́, kọ Làmídì Abà Àgbọ̀nrín sára owó náà gbangba, kí wọ́n má lọ kó o fún Làmídì mìíràn. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá mú gàrí àti ata gbígbẹ lọ́wọ́. Ìyá rẹ ló dì í, ó dì í pọ̀, ó ní tíṣà sọ pé ìwọ ni wàá sọ ohun tí àwọn ènìyàn rẹ ń jẹ, òun ò sì fẹ́ kí ebi pa wọ́n.

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún orí rẹ ní àlàáfíà, nítorí ibẹ̀ ni o ń kọ́lé sí. Ohun tí o bá rò kò ní sọnù. Àwọn tí o fún ní ẹ̀mí kò ní kọ̀yìn sí ọ. Nígbà tí o bá dé òpin ìtàn náà, wàá bá wa láàyè, wàá kà á fún wa, a ó sì jókòó gbọ́ ọ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní yé wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì.