Nítorí Irinṣẹ́ Rẹ Tí Mo Rí Nínú Fóònù

Ràhámátù ọmọ mi,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé kò tíì yẹ kí n kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, nítorí ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní kíláàsì àwọn àgbà, àwọn ọlọ́dún kejì nìkan sì ni Tíṣà Lois ń kọ́ ní lẹ́tà kíkọ. Àwa ṣì wà lórí bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. N kò mọ ibi tí àdírẹ́sì yẹ kó wà, nítorí náà mo fi í síbí: Wásinmi ni mo wà, nínú ilé wa tí o mọ̀. Tí o bá rí àṣìṣe, jọ̀wọ́ kà á bí ẹni pé mo kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya bébà, èyí ni ìkẹrin, ìwé iṣẹ́ mi sì ti ń fẹ́lẹ́.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn ní Èkó níbẹ̀? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já ọ kulẹ̀. Iná kò ní gbé ọ nídìí màṣíìnì, ayùn kò ní yà bá ọ lọ́wọ́, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí a fi bí ọ ni o ó fi darúgbó, àmín.

Ìyá rẹ wà, orúnkún nìkan ló ń dùn ún nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó ní kí n kí ọ nígbàkígbà tí mo bá rí ọ bá sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé lẹ́tà ni mo ń kọ, ó rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ó kọjá níbí lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú mi, ó ní Bàbá Ràhámátù, ẹ̀kọ́ yìí mà ń mú yín làágùn o, ṣé ìdánwò ti dé ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì ní funfun lójú kan. Atẹ́gùn ti ṣí páànù méjì lórí àtíbàbà ẹgbẹ́ káfíńtà, gbogbo àwa káfíńtà tí a wà lábẹ́ rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó gun orí rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé o ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé, tí n kò pè ọ́. Mo pè ọ́ títí, o kò gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Inú fóònù yẹn gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ó lé, n kò sì mọ bí mo ṣe lè bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má gbọ́. Inú bébà, èmi àti ìwọ nìkan la wà.

Ràhámátù, ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nígbà tí o gbé fóònù ńlá wá fún mi nígbà Iléyá, tí o sì fi orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ igi tí ń lo màṣíìnì olówó ńlá, o ní kí n máa wò bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wa lóde òní. Mo wò ó. Ṣùgbọ́n n kò lè wọ ibi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn jókòó sí kí n kàn máa wo ojú wọn láì kí wọn. Nítorí náà mo ń kí wọn láràárọ̀. Tí mo bá fẹ́ lọ jẹun, mo ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ má bínú, mo ń bọ̀. Tí mo bá jẹun tán, mo ń kọ ọ́ pé mo ti dé. Wọ́n máa ń dá mi lóhùn, wọ́n á ní Bàbá Wásinmi, ẹ kú àbọ̀, kí lẹ jẹ. Ìwà wọn wù mí. Èmi kò mọ̀ pé wọ́n lè ṣe ohun tí wọ́n ṣe yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo ṣí fóònù láti kí wọn, ni mo bá rí irinṣẹ́ rẹ níta. Mo mọ̀ pé tìrẹ ni, orúkọ rẹ wà lókè rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan: ayùn oníná tí abẹ́ rẹ̀ tóbi bí àwo, ìfági oníná, ẹ̀rọ tí ń lu igi, àti èyí aláwọ̀ ewé tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tò bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ka iye wọn. Ìwọ fúnra rẹ dúró lẹ́yìn wọn, o ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo wá ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní irú èyí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, ẹ jẹ́ ká lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun ti ń gbé mọ́tò bọ̀, kí wọ́n ṣí géètì sílẹ̀. Ẹnì kan ní Ràhámátù, o ṣẹ̀ wá, o ṣẹ̀ wá gan-an ni. Herbert tó jẹ́ ádímíìnì, ìyẹn alága wọn, wá kọ ọ́ pé òun gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ títí tí o ó fi ra ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ilé. Àwọn kan kò sọ̀rọ̀ rárá, iná ni wọ́n yà síbẹ̀. Mo ka iná mọ́kàndínlógójì. Mo jókòó sórí ìtì igi, mo ń bi ara mi pé ṣé wọ́n fẹ́ sun ún ni.

Ìwọ kò mọ ohun tí ojú mi rí ní Papalanto, nítorí pé oyún rẹ ni ìyá rẹ ní nígbà náà. Mo lọ ṣe fèrèsé fún ẹnì kan níbẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ara mi han ẹgbẹ́ káfíńtà ìlú náà. Wọ́n wá, wọ́n kó irinṣẹ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù alága wọn, gbogbo káfíńtà tó bá kọjá ń dúró sọ tirẹ̀ lé e lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀kan á ní ayùn yìí mà dára o, ayùn mi nìyí. Ọ̀kan á ní ta ló ni ìfági yìí, kó wá ra ọtí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń lọ bẹ̀ wọ́n, tí mo ń padà wálé lọ́wọ́ òfo, tí ìyá rẹ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo rí tìrẹ nínú fóònù, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí o ṣe. Ṣé o kò lọ sí ìpàdé ni? Ṣé o gba iṣẹ́ ní àdúgbò ẹlòmíràn ni? Tàbí nítorí pé obìnrin ni ọ́? Sàlàhúdíìnì alága wa níbí kìlọ̀ fún mi nígbà tí mo fi ayùn lé ọ lọ́wọ́. Ó ní Jùbrílù, ọmọbìnrin tó bá ń fa ayùn, ta ni yóò bá gbé. Mo ní ayùn ni yóò bá gbé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń rò ó pé bóyá ǹ bá ti dákẹ́ nígbà náà.

Mo ní kí n bá ọ bẹ̀ wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí mi, kí ohùn mi lè jáde bí ohùn ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ forí jì í, ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ tí n kò kọ́ ọ bí a ṣe ń wọ ìlú oníìlú. Mo ní ọmọ mi kò ní àfojúdi, agídí lásán ni. Mo ní títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń tọ̀ sórí ẹní, kì í sì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àṣìṣe rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà gùn, mo dá a sí méjì.

Ràhámátù, wọ́n sunkún. N kò purọ́ fún ọ. Ojú róbótó róbótó tí omi ń dà pòròpòrò, mo ka igba ó lé mẹ́fà. Àwọn kan tilẹ̀ sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí orí wọn fi dẹ̀gbẹ́. Mo ní Alhamdulillahi, wọ́n ti gbọ́. Ìgbà náà ni ìwọ kọ̀wé sí mi pé Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́, nítorí náà fóònù ni mo pa. Nígbà tí mo tàn án lọ́jọ́ kejì, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé Ràhámátù ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Láti ìgbà náà ni o kò ti gbé fóònù rẹ. Nítorí náà ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ mi kò tó, tàbí pé òun gan-an ló ba nǹkan jẹ́.

Herbert fúnra rẹ̀ pè mí ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ yín. Ó ní o ra irinṣẹ́ tuntun ni, wọ́n ń bá ọ yọ̀, wọ́n ń bá ọ ṣàwàdà ni. Ó ní ojú ló ń tì ọ́, pé o máa padà wá. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í pé ṣé irinṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, ṣé òun rí i. Ó ní báwo lòun ṣe máa rí i, ṣebí Ìlọrin lòun wà. Ìgbà yẹn ni àyà mi wá já gan-an. Ẹni tí kò fojú rí i, báwo ló ṣe mọ̀ pé wọn kò gbà á? Alága Papalanto náà rẹ́rìn-ín sí mi lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀.

Bóyá mo ṣì í gbọ́. Mo sọ ìyẹn fún ara mi. Ṣùgbọ́n tí n kò bá ṣì í gbọ́ ńkọ́?

Nítorí náà, àpò tí Jedidiah awakọ̀ gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, kì í ṣe iṣu ló wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu ni mo sọ fún ìyá rẹ. Ìfági mi méjèèjì ló wà níbẹ̀, ayùn ńlá àti kékeré, ṣísẹ́lì mẹ́rin, àti òòlù tí o máa ń gbé kiri nígbà tí o wà ní kékeré. Mo ti pọ́n gbogbo wọn. Fi wọ́n ṣiṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Wọn kì í lo iná, wọn kì í pariwo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ kò ní mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti sọ fún Lèmọ́mù pé inú ń run mí, ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí tó ní kí n ṣe lè dúró.

Tí o bá ní owó díẹ̀, jọ̀wọ́ fún Jedidiah mú bọ̀, kí n fi wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Herbert lójúkojú, kó sì kù tí n ó fi ra dátà. Tí o kò bá ní, má yá. N ó rìn ín díẹ̀díẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o kú lórí iṣẹ́, kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣófo. Ibi tí wọ́n ti lé ọ ni wọn yóò ti wá pè ọ́ padà. Oníbàárà rẹ kò ní dín.

Jọ̀wọ́ ọmọ mi, má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni. Kò gbọ́dọ̀ dé etí Sàlàhúdíìnì pé n kò ní irinṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, nítorí ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa. Tí o bá kà á tán, ya á. Tí ìyá rẹ bá sì pè ọ́, sọ fún un pé iṣu náà dùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jùbrílù