Kẹ̀kẹ́ Eré Ìje Lórí Òṣùwọ̀n Kòkó

Abà Alátà, lẹ́yìn Nsawam,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 1959.

Mùnírù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Kokomlemle, ìwọ àti gbogbo ará ilé, títí kan onílé yín tí kì í gbàgbé ọjọ́ owó ilé. Ṣé o ń jẹun? Mo béèrè nítorí pé nígbà tí o wá kẹ́yìn, ìyá rẹ wo ẹsẹ̀ rẹ, ó ní ta ló ki igi ìdáná méjì bọ ṣòkòtò ọmọ òun. Ẹ̀rín ni èmi rín o.

Gbogbo wa wà láàyè. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, wọ́n sì ti pawọ́ pọ̀ jẹ fìlà mi. Sàlàkọ́ aládùúgbò wa ti ra rédíò. Mo kí ọkùnrin inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ lọ. Mo sọ fún Sàlàkọ́ pé ẹni tó rà á ló jọ.

Ó yá, lẹ́tà rẹ. O ní o fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ eré ìje ní Adabraka, kí o fi bá wọn sáré lọ́jọ́ ìrántí òmìnira, pé pọ́n-ùn méjìdínlógójì ni wọ́n pè é, pé o ní méjìdínlógún lọ́wọ́, kí n yọ ogún fún ọ nínú owó ìdána Làtífátù tí mo bá ọ tọ́jú. Bí mo ṣe kà á fún ìyá rẹ, ó gbé ọmọrogùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ náà mọ ọbẹ̀ sè. Mo ní ká kọ́kọ́ wò ó ná.

Adé, akọ̀wé tó ń ra kòkó wa, ní irú rẹ̀. Bó ṣe wọlé lọ mu tíì lọ́jọ́bọ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́ òṣùwọ̀n kòkó. Mo wá gbé ti Sàlàkọ́ kọ́ ọ, èyí tó ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kékeré. Mùnírù, kẹ̀kẹ́ eré ìje kò ju ìdajì rẹ̀ lọ! Pọ́n-ùn méjìdínlógún sì ni Sàlàkọ́ ra tirẹ̀. Ìdajì ìwọ̀n, ìdajì owó: mẹ́sàn-án. Kò ní ibi ìgbẹ́rù, kò ní agogo, kò ní irin tí ń dènà ẹrẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ká bí ìwo àgbò. Mo yọ méjì. Adé ní jíà márùn-ún ló ní, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì yọ pọ́n-ùn mẹ́ta fún mẹ́rin tó ń jókòó jẹun. Ó ku pọ́n-ùn mẹ́rin. Mo ti fẹ́ kọ̀wé pé kí o bẹ̀rẹ̀ ní méjì, kí o máa lọ bí ẹni tí kò fẹ́ mọ́, wọn yóò pè ọ́ padà.

Ni Sàlàkọ́ bá dé, ó ní kí n sọ̀rọ̀ mọ níwọ̀n, pé arúgbó bíi tèmi kò lè gorí nǹkan náà. Ìwọ náà mọ bàbá rẹ. Mo gùn ún.

Ṣé o mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò? Mi ò wa kẹ̀kẹ́ yẹn o, òun ló gbé mi lọ. Sàlàkọ́ fò lé tirẹ̀, ó ń lé mi, ó ń pariwo pé kí n dúró. Ta ló mọ ibi tí bíréèkì wà? Ogójì ọdún ni ọkùnrin yẹn fi ń ṣáájú mi: ó ṣáájú mi gbéyàwó, ó ṣáájú mi kan páánù sórí ilé. Lọ́jọ́bọ̀, mo wẹ̀yìn, ó kéré bí eṣinṣin! Àwọn obìnrin tó ń pọnmi bọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi títí mo fi wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ. Adé sáré dé, ó fi Twi, èdè àwọn ará ibí, bú mi, ó wá rántí ọjọ́ orí mi, ó fi Yorùbá tọrọ àforíjì.

Ọmọ mi, òṣùwọ̀n purọ́. San márùndínlógójì. Má san méjìdínlógójì, ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kò bọ̀wọ̀ fún ọlọ́jà. Ogún náà wà lọ́wọ́ Adé, yóò mú un wá fún ọ lọ́jọ́ Ajé. Nínú mẹ́ta tó bá ṣẹ́kù, fi pọ́n-ùn kan ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra òróró ìpara àti ṣòkòtò, nítorí ṣéènì jẹ ẹsẹ̀ kan nínú tèmi. Ìyá rẹ ló ń fi omi gbígbóná tẹ ara mi, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ku bàbá Làtífátù. N kò ní bá ọ parọ́ fún un. Lọ bá a ní Kaneshie kí eré ìje tó dé, sọ fún un pé ìdána di ìgbà kòkó tó ń bọ̀. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kọ orí kẹ̀kẹ́ sí títì ná.

Ọlọ́run kó so ẹ̀mí rẹ ró, kó fún igi ìdáná méjèèjì lágbára, kó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ ni gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń sáré yóò máa wò. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yàkúbù, tó dúró kọ lẹ́tà yìí nítorí kò ṣeé jókòó.