Màmá Abigaïl Ìṣọ̀ládé: Ojú Tí Wọn Kò Gbà Kó Fọ́

Ní ọdún 1961 ni a bí Màmá Abigaïl Ìṣọ̀ládé ní Lougba, sí ilé Bàbá Nathanaël, àgbẹ̀ oníṣu, àti Màmá Ève, ìyàwó wọn. Nígbà tí wọ́n parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Savalou.

Ní 1984, wọ́n bá Bàbá Esdras ará Bobè ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì di ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ọ̀pọ̀ sùtánà tí ẹ wọ̀ wá síbí lónìí, ọwọ́ wọn ló rán an. Bí tiyín bá ti fún yín níkùn, kì í ṣe Màmá ló jẹ̀bi.

Ní 2009, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ríran bàìbàì, wọn kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn dókítà ní Cotonou rí kókó kan nísàlẹ̀ ọpọlọ wọn, lẹ́yìn imú, tó ń tẹ iṣan ojú. Wọ́n la agbárí Màmá, wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tó ìyókù. Ojú là díẹ̀. Nígbà tí Màmá dé Bobè pẹ̀lú orí fífá, àwọn ìyá ilé ké tòò, wọ́n rò pé Màmá ti di opó. Bàbá Esdras wà lẹ́yìn ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló wá ń rẹ àwọn tó ń sunkún wọn lẹ́kún.

Ní 2016, òkùnkùn náà padà dé. Ẹbí ní kí Màmá fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Màmá ní: «Ọlọ́run náà ló dá dókítà. Mo ti gba ọ̀nà kan, màá gba èkejì.» Lọ́tẹ̀ yìí, ihò imú ni àwọn dókítà gbà wọlé. Wọ́n ti kìlọ̀ pé omi inú ọpọlọ lè máa jò nímú, ó sì jò lóòótọ́, débi pé Màmá tún padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ kó tó dá. Ṣùgbọ́n kókó náà jáde tán, Màmá sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí ọdún tó parí. Nítorí pé irun wọn pé lórí, àwọn kan kò gbà títí dòní pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kankan.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan ní irú kókó yìí, Màmá á gun alùpùpù sémíjàn tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n á sì ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì fún un, wọn kò ní fi ìrora pamọ́. Issiaka ará Djaloukou fàáké kọ́rí pé imú nìkan lòun fẹ́, bíi ti Màmá. Kókó tirẹ̀ sì ti ràn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi kí wọ́n la orí. Màmá bá a dé Cotonou, wọ́n sọ fún un pé ibi tí kókó bá wà ni dókítà ń tọ̀, kì í ṣe ibi tó wu èèyàn. Ó gbà. Ó wà láàárín yín níbí, ó sì ń ríran.

Àìsàn ọkàn ló mú Màmá lọ ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ó dùn wá gan-an. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, àti àwa ọmọ wọn, Bénie àti Gédéon, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, bí a ṣe ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ń pe orúkọ wa kí a tó ya ẹnu kí wọn.

Ẹ wá lè dijú wàyí, Màmá. Ẹ ti rí gbogbo wa. Ẹ sùn re.