Àgádágodo Kan fún Ẹ̀rọ Gbogbo

                                        Ilé Alàgbà Àkànó,
                                        Ọ̀nà Ìfọ́n,
                                        Ìlọ́bù, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1998.

Tóyọ̀sí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Kọ́ládé ọkọ rẹ ńkọ́? Jùwọ́n ọmọ wa ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ tán, àbí ó ṣì ń gé ọ jẹ? Ìyá ọkọ rẹ tí o sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn, ṣé wọ́n ti ń rìn dáadáa báyìí? Ẹ kú òjò àrọ̀kúrò, ẹ sì kú iṣẹ́ sáà tuntun. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n rán ọ létí pé abọ́ wọn tó bá ọ lọ lọ́jọ́ ìkómọ kò tíì padà wálé.

Lẹ́tà rẹ ti tó oṣù méjì lọ́wọ́ mi kí n tó dá ọ lóhùn. Má bínú. O bi mí nínú rẹ̀ pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà tí n kò fi ráyè kọ̀wé sí ọ mọ́. N kò fẹ́ dáhùn nígbà yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti yanjú báyìí. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, tí àwọn tí a jọ wọkọ̀ sì ń wò mí lójú. Fara balẹ̀ kà á, mo máa sọ gbogbo rẹ̀.

O mọ̀ pé ilé ìwòsàn Dókítà Abọ́dúnrìn ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀. Èmi àti Ọlábánjí, ọmọ Ìfọ́n kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ni wọ́n gbà pé kí a kó káàdì àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí a kọ ni a ń pè ní láíbìrì nídìí iṣẹ́ wa, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ kéékèèké tí a ti kọ sílẹ̀ tán, tí ètò mìíràn lè máa yá lò: wá káàdì, kọ káàdì tuntun, tún káàdì ṣe. Tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ń lò ó, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń lò ó, àwọn nọ́ọ̀sì aláboyún náà ń lò ó. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì ń dá gbogbo wọn lóhùn.

Wàhálà tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Bí tábìlì kan bá ń lò ó, àwọn yòókù á máa wojú ara wọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwọn aláboyún máa ń wá, ìlà wọn á gùn dé ẹnu géètì. Ni a bá pín iṣẹ́ ẹ̀rọ náà sí fọ́nrán fọ́nrán. Fọ́nrán kan dà bí òṣìṣẹ́ kan. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí àpótí káàdì kan náà. Ó yá kánkán. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi ń yangàn kiri ilé ìwòsàn.

Kí oṣù kẹjọ tó parí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Màríámọ̀ wá láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Àǹtí Dinah, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pe káàdì rẹ̀ jáde, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ oríṣi A ni kọ̀ǹpútà kọ fún un. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n sì rántí pé O ni. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, O náà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́nrán kan ń kọ káàdì Màríámọ̀ lọ́wọ́, kò tíì kọ ọ́ tán tí fọ́nrán kejì fi kọ ti ẹlòmíràn lé e lórí. Tóyọ̀sí, ká ní obìnrin yẹn nílò ẹ̀jẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n sì gba ohun tí a kọ gbọ́, n kò mọ ojú tí ǹ bá fi wo ọkọ rẹ̀.

Dókítà pe èmi àti Bánjí wọlé. Wọn kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yín," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ sí ènìyàn lára tìtorí pé kọ̀ǹpútà yára. A ó padà sórí ìwé lónìí. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kò bá tọ́, ẹ ó gbé e kúrò níbí."

Ohun tó lè gbà wá ní orúkọ nínú àwọn ìwé wa, mútẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní àgádágodo. Fọ́nrán tó bá fẹ́ fọwọ́ kan káàdì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti àgádágodo. Bí òmíràn bá dé, á dúró títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi ṣí i. Bí ilé ìwẹ̀ inú agbo ilé ló rí: ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ẹni tó kàn sì gbé garawa rẹ̀ dúró níta.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ kan ni à bá fi ṣe é. Ṣùgbọ́n Dókítà ti ṣí ẹ̀ka kan sí Ìfọ́n, ẹ̀rọ tí àbúrò wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló sì wà níbẹ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní Wíńdò ló ń darí ẹ̀rọ Òṣogbo, èyí tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ló ń darí ti Ìfọ́n. Àwọn méjèèjì ló ní fọ́nrán, wọ́n sì ní àgádágodo, àmọ́ orúkọ tí ọ̀kan ń pè é yàtọ̀ sí ti èkejì. A kò fẹ́ kọ láíbìrì méjì, torí ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe á gbàgbé èkejì. Bánjí wá kọ ìpele pẹlẹbẹ kan sí ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àwa tí a wà lókè á kàn wí pé "tì" tàbí "ṣí". Ìpele yẹn ni yóò mọ ẹ̀rọ tí òun wà lórí rẹ̀, tí yóò sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa fún un. Èmi ni mo kọ apá òkè, níbi tí wíwá, kíkọ àti títún káàdì ṣe wà.

Ní Òṣogbo, ó ń lọ geere. Ó wá ku Ìfọ́n.

O mọ ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àtàwọn ará Ìfọ́n. Lóṣù yẹn, ahesọ tún bẹ̀rẹ̀, Màmá mi sì ní n kò ní lọ síbì kankan. "Ẹ̀rọ wo ló wà ní Ìfọ́n tí kò sí ní Òṣogbo?" Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ti múra, wọ́n ti di ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ kíláàsì wọn sínú báàgì, wọ́n ní àwọn ń bá mi lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn náà láti aago mẹ́sàn-án di aago méjì, wọ́n ń máàkì ìwé. Bánjí dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó gbé àga tó ní ẹ̀yìn wá fún wọn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n máa dá lọ.

Ẹ̀rọ Ìfọ́n kò gbà fún wa. Á wá káàdì, á kọ tuntun, ṣùgbọ́n bí a bá ti ní kó tún káàdì kan ṣe, á dákẹ́ lọ gbári. Kò sọ pé a ṣe àṣìṣe, kò kú, ó kàn dúró. A pa á, a tàn án, ibì kan náà ló tún dúró sí. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí gbèdéke Dókítà pé.

Bánjí ní apá tí mo kọ ni kí n lọ wò. Mo ní apá mi ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, ẹ̀rọ wọn ni kò dáa.

"Fadékẹ́, ẹ̀rọ kì í ṣègbè," ló wí. "Ohun tí a bá ní kó ṣe ló ń ṣe."

Ó ti rẹ̀ mí, ebi sì ń pa mí, àmọ́ n kò fi ìyẹn ṣe àwáwí. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ìgbà wo lẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi rí?"

Ẹyin ni ohùn. Kò bú mi padà. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi ríra. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́ ní Òṣogbo. Èmi nìkan ni mo padà sí Ìfọ́n. Mo wá ní kí ẹ̀rọ náà máa tẹ ọ̀rọ̀ kan sójú ìwé nígbàkígbà tí fọ́nrán kan bá ti àgádágodo, kí ó sì tẹ òmíràn bó bá ṣí i. Mo ní kó tún káàdì kan ṣoṣo ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: tì. Ó tún tẹ̀ ẹ́ pé: tì. Kò sì tẹ nǹkan kan mọ́.

Mo gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo kọ. Iṣẹ́ títún káàdì ṣe tí mo kọ á kọ́kọ́ ti àgádágodo, á wá ké sí iṣẹ́ wíwá kó bá òun wá káàdì náà. Iṣẹ́ wíwá yìí, bí èmi kan náà ṣe kọ ọ́, á tún fẹ́ ti àgádágodo yẹn. Fọ́nrán kan ṣoṣo ni. Ó ti wọlé, ó ti tilẹ̀kùn, ó wá ń dúró de ẹni tó wà nínú ilé kó ṣílẹ̀kùn fún òun, òun náà sì lẹni tó wà nínú ilé. Irú àgádágodo tí a lò lórí Wíńdò mọ ẹni tó tì í, bó bá rí i pé òun náà ló padà wá, á jẹ́ kó kọjá. Èyí tí a lò lórí Línọ́ọ̀sì kì í bèèrè ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Bó bá ti wà ní títì, títì náà ni.

Àṣìṣe mi ni. Ẹ̀rọ wọn kò ṣe nǹkan kan.

Mo bèèrè Bánjí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ó ní ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá ní ìṣirò ní ilé ìwé kan nítòsí. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì náà títí ó fi jáde sí mi. Mo ní, "Bánjí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣẹ̀ ọ́. Èmi ni mo kọ àṣìṣe yẹn, ẹnu mi náà ni mo sì fi bú ìlú rẹ. Jọ̀wọ́, má bínú."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sápò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìlà wo ni àṣìṣe ọ̀hún wà?"

Mo fún un ní ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ó kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí òun ló sọ fún mi pé bí àgádágodo ọ̀hún ṣe ń ṣe lórí ẹ̀rọ kan, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe lórí èkejì, láì dán an wò. Ìpele tirẹ̀ ló yẹ kó mú ìwà wọn dọ́gba. Ó fún àwọn ọmọ náà níṣẹ́ tí wọ́n á máa ṣe, ó ní kí n jókòó, a sì tún un kọ lórí pátákó dúdú níbẹ̀ níṣojú wọn. A ní kí ìpele náà máa kọ orúkọ fọ́nrán tó ti àgádágodo sílẹ̀, kí ó máa ka iye ìgbà tó tì í. Bí fọ́nrán kan náà bá padà wá, iye náà á lé kan. Bó bá ṣí i, á dín kan. Ìgbà tó bá di òfo ni ẹlòmíràn tó lè wọlé.

Tóyọ̀sí, bí a ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ Ìfọ́n, ó tún káàdì àkọ́kọ́ ṣe. Ó tún èkejì ṣe. A ní kí fọ́nrán mẹ́jọ jọ máa du ẹgbẹ̀rún kan káàdì láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí wọ́n máa kọ, kí wọ́n máa tún un kọ. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó dàrú. A gbé e lọ sí Òṣogbo láì yí lẹ́tà kan padà, bákan náà ló rí. Mo jó yí tábìlì ká, mo sọ fún ọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí gbèdéke pé, aláboyún mẹ́rìndínláàádóje ló wá. Tábìlì mẹ́ta ló ń lò ó pọ̀. Àǹtí Dinah jókòó ti ìwé wọn, wọ́n ń fi káàdì kọ̀ọ̀kan wé èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà. N kò lè jẹun. Ní aago kan ku díẹ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sọ fún Dókítà pé, "Gbogbo rẹ̀ ló bára mu, sà. Àwọn obìnrin ti lọ sílé." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tẹ́lẹ̀, aago mẹ́rin ni wọ́n máa ń lọ. Dókítà ní kí a máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n kí ìwé máa bá a rìn títí di Kérésìmesì. Mo fara mọ́ ọn. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Bánjí wá sílé wa, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ ilé kan ní Ìlọ́bù rèé. Bàbá mi ní kí ó bá àwọn jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí ó ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe fún àwọn. Ó ṣàlàyé, wọ́n tẹ́tí sí i dópin. Wọ́n wá bi í pé, "Ta ló kọ ọ́ nínú yín?"

Ó ní, "Àwa méjèèjì ni, sà."

Wọ́n ní, "Ẹ ti kọ orúkọ yín sí i lára?" Mo ní a kò tíì ronú kàn án. Bàbá mi wo èmi, wọ́n wo òun. "Ẹ kọ ọ́. Kí ẹ sì kọ ìlú yín méjèèjì tì í."

Dísíkẹ́ẹ̀tì kan tí a kọ láíbìrì wa sí wà nínú àpòòwé yìí. Fún Kọ́ládé ni, má jẹ́ kí Jùwọ́n fi ṣeré. Ẹ̀rọ ńlá tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ irú kẹta tí àwa kò fojú rí rí, mo sì fẹ́ kó bá wa gbé e síbẹ̀ wò, láì yí nǹkan kan padà. Àwọn ohun tó máa tẹ̀ ni mo kọ sórí bébà tí a fi wé e. Bá mi kí i gan-an, kí o bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu kan Jùwọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí o bá yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà, wo ara rẹ̀ kí o tó fún un. Ọwọ́ ìkọ̀wé Bánjí ló wà lókè, tèmi ló wà nísàlẹ̀: Ọlábánjí, Ìfọ́n. Fadékẹ́, Ìlọ́bù.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ayọ̀ kò jẹ́ kó jókòó,

Fadékẹ́ Àkànó.